Òróró Lẹ́nu Ọkọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọkọ̀ òun ló ń gbé òun kiri, ẹ bá a yọ̀. Ní tèmi, èmi ni mò ń tọ́jú ọkọ̀ bí ọmọ jòjòló. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń lọ, kí n wò ó bóyá ó yó. Nírọ̀lẹ́, bó ti wù kí ọjà Kejetia ní Kumasi ti lù mí bolẹ̀ tó, èmi náà ni màá fa wáyà jáde láti fèrèsé ilé ìdáná, màá ki orí rẹ̀ bọ ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, màá sì dúró tì í títí iná kékeré ibẹ̀ á fi tàn. Ó ti sú mi. Mo kúkú sọ ọ́ kí ọkàn mi fúyẹ́.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Kánádà ló fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́. Oúnjẹ méjì ló ń jẹ, iná mànàmáná àti epo pẹtiróò. Bó bá sùn lórí wáyà, iná tó mu yó ló máa fi rìn káàkiri ìgboro láìdún, láìrú èéfín. Bí iná bá tán nínú bátìrì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á jí fúnra rẹ̀, á máa mu epo bíi ti ọkọ̀ gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìrìn la ṣe rà á. Lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí à ń kó ẹrù sí, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀ tó rí gẹ́lẹ́ bíi ti ara ògiri. Torí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dín kóósè lẹ́bàá títì ní Krofrom, àdúgbò wa, ìyẹn àkàrà tí àwọn ará ibí ń jẹ mọ́ kókó, ògì tiwọn, láàárọ̀. Igi ló fi ń dáná. Èéfín igi yẹn ló rán wa nílé ìwé, èmi àti àbúrò mi, òun náà ló sì jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ní báyìí, ẹ̀rọ kan ló ń bá a fa atẹ́gùn, tí ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbé e wọ ihò imú rẹ̀. Ó lè yọ rọ́bà náà díẹ̀ kó fi jẹun, tàbí kó fi rìn dé ìta, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, ètè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ yẹn ń lò, ẹ sì mọ Ghana wa pẹ̀lú dumsor: iná lọ, iná dé. A ra jẹnẹrétọ̀, èéfín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà yẹn ni àbúrò mi ní òun ti rí ọkọ̀ kan tí bátìrì rẹ̀ lè gbé ẹ̀rọ Màmá látàárọ̀ ṣúlẹ̀ láìdún pínpín. Bí Màmá ṣe di ọlọ́kọ̀ nìyẹn, tí èmi di ọmọ ọ̀dọ̀ ọkọ̀.

Ó pa àdúgbò lẹ́rìn-ín. Àlàájà tí ògiri kan pín ilé rẹ̀ àti tiwa níyà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi bíi tèmi, yọjú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fa wáyà. Ó ní, "Wallahi, fóònù ńlá lẹ rà yìí! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe Kánádà, inú ẹ̀ lẹ máa wọ̀ ni?" Ní Kejetia, ọkọ̀ tí kì í dún, wàhálà ni. Àwọn alábàárù ò gbọ́ pé mò ń bọ̀. Bí mo bá fọn fèrè, wọ́n á fò sókè tẹrùtẹrù, wọ́n á sì bú mi. Mo ti gba èébú ní Twi, mo ti gbà á ní Hausa. Ọmọ ọkọ̀ akérò tròtrò kan tiẹ̀ na ọwọ́ lu òrùlé ọkọ̀ mi, ó ní, "Áńtí, wo car no, ɛnka hwee!" Lóòótọ́, kì í sọ nǹkan kan. Ì bá jẹ́ pé ó máa ń sọ ni.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ènìyàn wa. Láàárín àwa tí àwọn òbí wa jọ ti ìlú kan náà nílẹ̀ Yorùbá wá sí Kumasi, ọkọ̀ ẹnì kan, ọkọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ ni. Bí wọ́n bá ń ṣòkú lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á wá. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, wọ́n á wá. Èmi ò sì lè jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn sọ̀sán dalẹ́ lóde, torí a ò mọ ìgbà tí iná máa lọ. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi bó mi. Ìyáàfin kan nínú ìjọ wa tó wà ní Ashanti New Town rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọkọ̀ wo ló ń bá ènìyàn mí?" Wọ́n sọ mí di ahun. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí àríyànjiyàn náà ń gba agbára, agbára ni n kò sì ní.

Ọjọ́ kìíní oṣù ni ọjọ́ òróró nílé wa. Nígbà tí a wà ní kékeré, kí a tó lọ sílé ìwé láàárọ̀ oṣù tuntun, Màmá á pè wá síwájú ìkòkò kóósè, á da òróró ólífì tí wọ́n ti gbàdúrà sí sí àtẹ́lẹwọ́, á fi pa wá níwájú orí. Ó máa ń kán lọ́fínńdà díẹ̀ sí i, nítorí náà bí a bá dé kíláàsì, gbogbo ènìyàn ló máa ń mọ̀ pé oṣù ti yí. Nígbà tí a dàgbà, ó dáwọ́ dúró. Èmi náà ò rántí rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ dé ni alàgbà ìjọ wa wá yà á sí mímọ́. Ó ṣí i níwájú, ó fi òróró kan ẹ́ńjìnnì, ó fi kan ìtọ́kọ̀ àti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oṣù bá ti wọlé, á yọ rọ́bà nímú, á fi ọ̀pá jáde pẹ̀lú ìgò òróró rẹ̀. Láti ojú fèrèsé ni mo ti máa ń rí i tó ń tẹ̀ síbi táyà. Màá ṣe "àmín" pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, màá sì sáré lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta bọ́tìnnì, òwú àti síìpù. Ọkọ̀ ń gba òróró lóṣooṣù, èmi ń sáré.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni, nígbà ọyẹ́, tí eruku bo gbogbo ìlú. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni iná lọ. Kò bà mí lẹ́rù rárá, torí ọkọ̀ ti wà lórí wáyà láti àná, iná kékeré ibẹ̀ sì tàn kí n tó lọ sùn; ìkánjú ṣọ́ọ̀ṣì ni kò jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Mo gba ojú fèrèsé fa okùn ẹ̀rọ Màmá, mo ki orí rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ọkọ̀, mo tan ọkọ̀, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo jókòó, mo bọ́ bàtà. N kò tíì na ẹsẹ̀ tán tí mo gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ rí nínú ọgbà wa. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ jí. Bátìrì ti gbẹ. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ó ń jẹun, kò jẹ nǹkan kan. Sálẹ́ńsà rẹ̀ sì kọjú sí fèrèsé Màmá gan-an.

Kí n tó dé yàrá, èéfín ti wọlé. Màmá ń wúkọ́, ó gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. Mo sáré jáde, mo pa ọkọ̀. Bí mo ṣe pa á ni ẹ̀rọ dákẹ́. Mo tún tàn án, èéfín tún dé. Ẹ̀rù bà mí débi tí mo fi dúró lójú kan tí mo ń pa á, tí mo ń tàn án. Àlàájà ló fò wọlé wá, ó kígbe mọ́ mi pé, "Ẹ gbé e síta! Ẹ gbé ọkọ̀ síta!" Mo gbé e gba ẹnu géètì jáde, mo kọ ìdí rẹ̀ sí gọ́tà òdìkejì. Okùn ò tó. Àlàájà sá lọ mú tirẹ̀ wá láti ilé, a so wọ́n pọ̀, a tì Màmá pẹ̀lú àga rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àlàájà sì ń fi ìborùn fẹ́ ẹ lójú. Díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ padà sí àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọdé àdúgbò pariwo "Light aba o!" pé iná ti dé, èmi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà láìwọ bàtà.

"Due, me nua," ni Àlàájà ń wí fún mi. "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mí."

Màmá ò lè sọ̀rọ̀ sókè. Ó ní, "Ɛnyɛ hwee. Kò sí nǹkan kan. Ẹrù ni mo kàn dì lé ọ lórí."

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ọkọ̀ lọ sí Magazine ní Suame, ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ibi tí gbogbo ọkọ̀ Kumasi ń lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Oníná ọkọ̀ tí mo bá níbẹ̀ ṣí ihò tí wáyà ń wọ̀, ó tanná sí i, ó ki àkísà aṣọ bọ̀ ọ́. Aṣọ jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ dúdú. Ó ní, "Áńtí, ngo wɔ mu. Òróró ló wà nínú ẹ̀ o. Eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn, iná ò ríbi dìmú dáadáa, ó ti gbóná títí ojú ẹ̀ fi yọ́. Ta ló da òróró síbí?" Ó na aṣọ náà sí mi. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, òórùn lọ́fínńdà, òórùn àárọ̀ oṣù tuntun níwájú ìkòkò kóósè.

Inú bí mi, n kò ní purọ́. Mo bínú láti Suame títí dé Krofrom. Mo ti pe ara mi ní ẹrú ọkọ̀ yìí, mo ti gba orúkọ ahun torí rẹ̀, ẹni tí mo ń ṣe é fún ló sì ń dí i lẹ́nu pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bínú náà ni mo ń rí ohun tó rò. Táyà kàn ń rìn ni. Ihò yẹn ni ẹnu tí ọkọ̀ fi ń jẹun, oúnjẹ tó bá sì jẹ ló máa fi bá òun mí. Ta ni kò ní fi òróró sí irú ẹnu bẹ́ẹ̀? Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Mo pe àbúrò mi. Ó ní kí n sọ òótọ́ fún Màmá, pé ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni. Mo ní, "Ó dáa, màá fún Màmá ní fóònù, ìwọ sọ fún un pé àdúrà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á." Ló bá ní òun á kúkú wá irin tuntun fún ihò ọkọ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí Màmá bi mí léèrè ohun tí wọ́n ló ṣe ọkọ̀, mo ní eruku ọyẹ́ ni. Ó mi orí. Ó ní òun á túbọ̀ gbàdúrà sí i.

Títí irin náà fi dé, ẹ̀yìn géètì ni ọkọ̀ wà, epo ni mò ń rà fún un, mo sì ń fa okùn gígùn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbàkígbà tí iná bá lọ. Mo rù. Àwọn oníbàárà mi ní ṣọ́ọ̀bù ń bi mí bóyá mo ń gbààwẹ̀. Irin dé, oníná ọkọ̀ tún un ṣe, iná kékeré tún tàn. Ohun kan ló kù tí n kò mọ bí màá ṣe ṣe é: oṣù tuntun ń bọ̀, ìgò òróró sì wà lẹ́bàá ibùsùn Màmá.

Nígbà tí àárọ̀ náà dé, mo ti jáde ṣáájú rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ti ara ọkọ̀, mo bo ihò náà. Ó yọ, ó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀, ìgò wà lọ́wọ́ kejì.

"Yà fún mi," ló wí.

"Màmá, ọkọ̀ ti gba òróró tó. Ẹ fi sí mi lórí."

Ó dúró. "Ìwọ? Kí ló ṣe ọ́?"

Ọgbọ́n ni mo fẹ́ dá. Mo ti tún ọ̀rọ̀ náà tò lórí ibùsùn, n ó ní ọjà ò tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ó rẹ̀ mí, Màmá. Ó rẹ̀ mí gan-an ni." Omi sì bọ́ lójú mi, èmi àgbàlagbà tí mo ń lọ sí ọgọ́ta ọdún.

Ó wò mí pẹ́, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti wọlé wa. "O ò sọ fún mi," ló wí. "Ṣé o mọ àdúrà tí mò ń gbà sẹ́nu ọkọ̀ yìí? Mo ń bẹ̀ ẹ́ ni. Mo ní kó bá mi gba díẹ̀ lára ẹrù mi kúrò lórí ọmọ mi."

Ọwọ́ rẹ̀ ò tó orí mi mọ́. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Kò dà á sí àtẹ́lẹwọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, gbogbo ohun tó kù nínú ìgò ló dà lé mi, ó ṣàn wọ ojú mi, ó ṣàn dé ọrùn aṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó pe Ọlọ́run, ó pe orúkọ mi, ó ní kí n má ṣe… Èémí rẹ̀ ò gbé e dé òpin. Mo ṣe àmín síbi tó dé, mo dìde, mo sì dì í mú wọlé lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.