Ìwé Faransé tí wọ́n ní ká fọwọ́ sí

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ tòní yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Àwa ìyá márùn-ún ni ilé ìtọ́jú ọmọdé kan ní Baguida, lẹ́bàá Lomé ní Togo, yàn pé ká máa gba àwọn nímọ̀ràn. Òní la kọ́kọ́ jókòó ìpàdé. A ò tíì sọ nǹkan kan tí màdáámù tó ń darí ibẹ̀ fi gbé ìwé Faransé kan síwájú wa.

Ó fi èdè Mina sọ pé, "Ẹ̀yin màmá, ẹ fọwọ́ síbí. Orúkọ àwọn tó wá ni."

Ìyá Sàkírà, ọ̀kan nínú wa, ti mú bírò. Mo ní kó dúró, mo ka ìwé náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti gbà kí wọ́n sọ àgbàlá táwọn ọmọ ti ń ṣeré di ibi ìgbọ́kọ̀sí!

"Màdáámù, ta ló gbà?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Háà, Màmá, ẹ lè ka Faransé?"

"Atakpamé ni mo ti lọ sílé ìwé."

Ó kó ìwé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ sí i.

Ìgbà tí mo ń bọ̀ wálé ló tó yé mi pé nínú àwọn mẹ́rin yòókù, kò sẹ́ni tó lè ka Faransé.

Ẹ bá mi dá sí i: ṣé ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni, àbí ńṣe ni màdáámù yìí dìídì ṣa àwa tó rò pé a ò lè ka Faransé jọ?