Iwin Olójú Kan ní Abúlé Òkúta

Ọmọ-ọmọ mi mú ìwé ìtàn tuntun kan wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó ṣe ṣí i báyìí, òórùn íǹkì bọ́ sí mi nímú, ó wá dà bí ẹni pé ẹnì kan fi orúkọ ìgbà kékeré mi pè mí. Mo jókòó. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òórùn yẹn rán mi létí fún yín.

Abúlé Òkúta ní Èkó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nínú ilé tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra, tí gbogbo wa sì jọ ń pọnmi nínú kànga kan. Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá mi, iṣẹ́ títo lẹ́tà ló ń ṣe nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Ìka dúdú ló ń gbé wálé lójoojúmọ́, ọṣẹ kankan kò sì ran ìka náà. Bí ẹ̀rọ bá ba bébà jẹ́, á ká a wá fún èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ìtàn púpọ̀ tí n kò mọ òpin wọn. Títí di òní, ọmọ ọba kan wà lórí igi tí n kò mọ ẹni tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Nínú irú bébà bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí iwin. Wọ́n yà á bí arúgbó obìnrin, olójú kan, onírun wúruwùru, eyín gígùn, èékánná bíi ti àwòdì. Ó ń yọjú lẹ́yìn igi sí ọmọ kan tó sọnù.

Olójú kan sì wà nílé wa. Màmá Ìlàjẹ là ń pè é, opó kan tó ti etí òkun Oǹdó wá, tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé. Kò sí ọmọ tí kì í jókòó tì í, nítorí ó máa ń já ìrù ẹja gbígbóná fún wa, ká fi jẹ gààrí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi àwòrán yẹn han àwọn ọ̀rẹ́ mi, èmi náà ni mo sì sọ pé, "Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé kì í ṣe Màmá nìyí?"

Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná inú ọyẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọmọ kankan ò dé ẹ̀yìnkùlé mọ́. Bí Màmá bá jáde wá pọnmi, a ó sá wọlé. Ó pè wá títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tó yá, kò pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ó yí àpótí ìjókòó rẹ̀ kọjú sí ògiri, ó ń dá yan ẹja rẹ̀.

Bàbá mi ló ṣàkíyèsí. Ó bi mí, mo sì jẹ́wọ́. Kò nà mí. Ohun tó sọ ni pé, "Mú bébà náà, ká lọ bá a."

Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo na bébà sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, èmi ni mo sọ pé ẹ̀yin ni."

Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó pẹ́. Ó wá ní, "Eyín rẹ̀ pé ju tèmi lọ."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀. Ó sọ fún wa pé nígbà tí òun ò jù mí lọ, àbúrò òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ìwọ̀ náà ló kọ́ òun lójú. "Mi ò bá a jà. Ọmọdé ni. Ìwọ náà, ọmọdé ni ẹ́." Ó yíjú sí bàbá mi. "Ta ló yà á? Ṣé ó ti rí iwin rí ni?"

Bàbá mi gbé ìbéèrè yẹn lọ síbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé, ayàwòrán fúnra rẹ̀ wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó fi òwú so awò ojú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní inú ìwé òyìnbó kan lòun ti wò ó. "Bí wọ́n ṣe ń yà á ni mo ṣe yà á, Màmá."

Màmá fún un ní àpótí àti ẹja. Ó wá sọ fún un nípa iwin inú omi ilé wọn, tó máa ń pàdé ọmọ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣìnà, tó sì ń mú un délé. "Ẹni tó bá mú ọmọ délé, ṣé ó lè burẹ́wà lójú ọmọ náà?"

Ayàwòrán gbé ẹja sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n ya ojú yín?"

Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn náà, iwin olójú kan ń wakọ̀ lórí omi, ó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ kan sì ń sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà yẹn, gbogbo wa ti padà sẹ́yìnkùlé. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ.

Kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ bàbá mi lónìí. Orí fóònù làwọn ọmọ ti ń rí iwin, tòun ti àwọ̀ mèremère, síbẹ̀ arúgbó obìnrin ni wọ́n ṣì ń fi ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí ọmọdé bá kọ́kọ́ rí ló ṣì ń gbà gbọ́. Mo dúpẹ́ pé mo ní bàbá tó fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí mo ṣẹ̀, àti pé ẹni náà fún mi ní ìrù ẹja lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Màmá padà sí Ìlàjẹ nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ fún wa pé ìwé yẹn wà nínú ẹrù rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé kà. Bí àlejò bá dé, á ṣí i sójú ewé náà, á ní, "Èmi rèé. Èkó ni wọ́n ti sọ mí di iwin."