Táyà Rírọ̀ àti Wáyà Ọ̀pá Mẹ́rìnlélógún

Èékánná àtàǹpàkò mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọ̀sán ọyẹ́ kan ni, ní Mamobi ní Accra, níbi tí Alhaji tó ń ta táyà tòkunbọ̀ ti to ọjà rẹ̀ bí ògiri dúdú láti ẹnu géètì rẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ ìyá tó ń din àkàrà. Eruku ti sọ oòrùn di àwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Mo wá ra táyà fún ọkọ̀ kékeré mi.

Ní àgbàlá yẹn, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ọjọ́ orí táyà. Èékánná la fi ń wò ó. Wàá tẹ àtàǹpàkò mọ́ rọ́bà: bí kò bá gba èékánná rárá, ó ti gbó, bí ó bá gbà á wọlé, ó ṣì ní ẹ̀mí. Bàbá Alhaji ló fi kọ́ ọ, òun náà fi kọ́ gbogbo àwa oníbàárà rẹ̀. Mo tẹ àkọ́kọ́, ó le. Mo tẹ ìkejì, ó le. Èékánná mi wọ inú ìkẹta bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ kẹ́ńkẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò. Mo gbé ọwọ́ kúrò, àmì rẹ̀ sì dúró síbẹ̀, bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Mo dúró, mo ń wò ó. Ojú táyà náà kò jọ ti àwọn yòókù. Poro méjì péré ló yí i ká, pẹ̀lú àwọn ìlà kúkúrú tó dábùú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ìyókù fẹ̀, ó tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Ó ń rùn díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀dà tí oòrùn ń yọ́.

Alhaji sọ fún mi pé, "Mẹ́rin ni wọ́n. Inú kọ̀ńténà Jámánì kan ni wọ́n bá dé. Ẹńjíníà, ṣé o rí bó ṣe rọ̀? Ọmọ jòjòló ni."

Nítorí ìbéèrè mi tó pọ̀ ló ṣe ń pè mí ní Ẹńjíníà. Wáyà iná ni mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Okaishie, n ò kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ níbì kankan.

Mo gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Nílé, mo fi ọṣẹ fọ ẹ̀gbẹ́ wọn kí n lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Nọ́ńbà kan wà tó ń sọ bí rọ́bà yóò ṣe pẹ́ tó kó tó jẹ tán: ti táyà tí mo bọ́ kúrò jẹ́ irínwó, ti ìwọ̀nyí jẹ́ igba. Bí mo ṣe ń ka fóònù mi, ó yé mi pé àwọn tó ń fi ọkọ̀ wọn sáré ìdíje ní pápá ni wọ́n ṣe irú wọn fún. Rọ́bà rírọ̀ ló ń di ilẹ̀ mú, poro díẹ̀ sì ni wọ́n gé sí i kí rọ́bà tó ń kan ilẹ̀ lè pọ̀. Ó ń fẹ́ ooru kó tó jí. Ooru rè é, ní Accra.

N ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Bí mo bá ti gba ọ̀nà etí òkun láti Teshie lọ sí Labadi láàárọ̀, ńṣe ló dà bíi pé ọkọ̀ náà ń ká títì sínú ara rẹ̀. Òkun á wà lápá òsì mi, funfun nínú ọyẹ́, bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn, kọ́nà á dé, ọkọ̀ á sì yà láìmì. Lọ́jọ́ Sunday, mo máa ń lọ sí títì kan lẹ́yìn Adenta, níbi tí wọ́n kọ́ ilé tuntun sí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kó wọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wọn bíréèkì mi. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀pá la fi ń wọn wáyà, ó fi díẹ̀ kúrú ju mítà kan lọ, òun náà ni mo sì lò. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, bí mo bá ń sá ọgọ́ta kìlómítà tí mo tẹ bíréèkì, ọ̀pá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọkọ̀ máa ń lò kó tó dúró. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí oúnjẹ. Ó ní kí n bu ata sí i fún òun.

Lẹ́yìn náà, oṣù kẹfà dé.

Òjò bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé wáákyé tó fẹ́ lọ jẹ nílé sórí itan nínú ewé rẹ̀. Omi ti dúró lójú títì bíi jígí. Ọkọ̀ ẹrù tó wà níwájú wa tan iná pupa, èmi náà tẹ bíréèkì.

Kò sí ariwo. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nìyẹn. Sítíárín fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí okùn tí kò so mọ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí lórí ilẹ̀ mọ́, orí omi ló wà. Mo rí iná ilé epo kan, mo rí agboòrùn aláwọ̀ ewé tí ẹnìkan ṣí sókè, mo rí ògiri kan tí wọ́n kùn ní búlúù, gbogbo wọn ń kọjá lójú mi láti òsì sí ọ̀tún, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń lá àlá tí kò fẹ́ jí. Nígbà tó dúró, a ti kọjú sí ibi tí a ti ń bọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ sì wà létí gọ́tà. Ọkọ̀ ẹrù ti lọ. Ẹnikẹ́ni kò farapa. Wáákyé wà lórí itan ìyá mi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ó bi mí pé, "Ṣé o ti parí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.

"Ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ó sọ̀ sínú òjò, ó sì wọ tròtró, ọkọ̀ akérò kan tó ń kọjá.

Láti ọjọ́ yẹn, tròtró ló ń wọ̀ lọ sí Okaishie láàárọ̀, òun náà ló ń wọ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́. Orúnkún òsì rẹ̀ kò dára. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń kọ́kọ́ gbé sókè, á di irin ilẹ̀kùn mú, á sì dúró díẹ̀ kó tó lè fa èkejì wọlé, nígbà tí méètì tó ń gba owó ọkọ̀ á máa lu ara ọkọ̀ pé kí wọ́n máa lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi ni mo máa ń wà lẹ́yìn tròtró náà, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo.

Lọ́sẹ̀ kejì, n ò lè wò ó mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ. Táyà yẹn kì í ṣe táyà burúkú. Àwọn tó ń sáré ìdíje ló ń lò ó."

"Ṣé ìyá wọn máa ń wà nínú ọkọ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to wáyà sórí káńtà.

"Eré mélòó lo ń sá lọ́jọ́ yẹn?"

"Ọgọ́ta."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìyókù wáyà pupa kan jáde lábẹ́ káńtà. Ọ̀pá mẹ́rìnlélógún ni. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ nítorí pé gbogbo ẹni tó bá wá ló ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jù ú sí mi láyà.

"Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, tí o sá ọgọ́ta, tí ọkọ̀ rẹ dúró kí wáyà yìí tó tán, tí mo fi ojú ara mi rí i, ọjọ́ náà ni màá wọlé. Lọ dá oníbàárà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn lóhùn."

Mo fi téèpù dúdú sàmì sí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan lára wáyà náà. Ní títì Adenta, mo tẹ́ ẹ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, mo so orí rẹ̀ mọ́ òpó iná kan tí wọn kò tíì fi gílóòbù sí. Bí táyà iwájú bá ti dé òpó, màá tẹ bíréèkì.

Òjò àkọ́kọ́ jẹ́ winniwinni, ó bá títì nígbà tí oòrùn ṣì wà lára rẹ̀. Èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń gòkè lára ọ̀dà. Ọkọ̀ dúró ní ọ̀pá mọ́kàndínlógún àbọ̀. Mo tún un ṣe, bákan náà ni. Inú mi dùn débi pé mo jókòó síbẹ̀ tí mo ń fọwọ́ pa sítíárín. Omi fẹ́lẹ́ lórí títì gbígbóná kò lè rí rọ́bà rírọ̀ yẹn mú, ńṣe ló ń ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sì ń bu ọ̀dà jẹ. Mo pe ìyá mi lórí fóònù.

"Màámi, mọ́kàndínlógún àbọ̀."

"Òjò yẹn, ṣé ó lè rin gèlè?"

Mo wo ìta. "Kò lè rin ín."

"Ìyẹn kì í ṣe òjò. Itọ́ ni."

Òjò gidi dé lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ kọjá òpó, ó kọjá ìdajì wáyà, ó kọjá òpin wáyà, ó ń léfòó lọ ní pẹ̀lẹ́tù. Mo sọ̀, mo wọn ìyókù mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n ni afẹ́fẹ́ táyà lórí gééjì mi. Mo gbé e dé mẹ́rìndínlógójì, nítorí táyà tó kún máa ń tẹ omi ju èyí tó rọ̀ lọ: ọ̀pá mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo gbé e dé ogójì: ọgbọ̀n ọ̀pá. Lẹ́yìn ìyẹn kò lọ sílẹ̀ mọ́. Mo ki igi ìṣáná bọ inú poro, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: mìlímítà mẹ́ta láàárín, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí, òjò ń lù mí lórí, nígbà tí takisí kan gba títì náà kọjá, bóyá ó ṣìnà ni. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ìlà méjì lójú títì, dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, gígùn rẹ̀ tó ọ̀pá mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, omi sì padà bò ó. Mo wọ ọkọ̀ mi, mo tún sáré lọ, lọ́tẹ̀ yìí ojú mi wà nínú jígí ẹ̀yìn. Kò sí ìlà kankan. Omi kan náà ló tẹ́ rẹrẹ lẹ́yìn mi, bíi pé ẹnikẹ́ni kò kọjá níbẹ̀ rí. Ó rẹwà gan-an. Ó pẹ́ kí n tó lè gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Lójú ọ̀nà ilé ló yé mi. Èékánná ń sọ bí rọ́bà ṣe rọ̀ tó. Kò sọ ibi tí omi máa gbà. Èmi tí mo fọ ẹ̀gbẹ́ táyà, tí mo ka gbogbo nọ́ńbà ara rẹ̀, èékánná náà ni mo fi yan ohun tí mo gbé ìyá mi lé lórí.

Mo padà sí Mamobi, igi ìṣáná mi lọ́wọ́. Mo yẹra fún ìlà iwájú, mo lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí Alhaji ń kó àwọn tí kò gba èékánná sí. Mo rí mẹ́rin tí wọ́n jọra. Poro mẹ́rin ló yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, igi ìṣáná sì wọlé dé mìlímítà méje. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára wọn, tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, fi hàn pé wọn kò tíì pé ọdún méjì. Wọn kò gbó. Bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n ni wọ́n le.

Alhaji ń wò mí. "O fi ìyàwó sílẹ̀, ìyá ìyàwó lò ń gbé lọ. Fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò ná."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, Alhaji. Kò wọlé."

"Kí wá lo fẹ́ fi í ṣe?"

"Mo fẹ́ gbé ìyá mi."

Ó gba igi ìṣáná lọ́wọ́ mi, ó kì í bọ inú poro, ó fà á yọ, ó wo ibi tí ìdọ̀tí dé lára rẹ̀. "Ẹńjíníà," ó ní, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Kò dá igi náà padà.

Mo bọ́ àwọn táyà mi rírọ̀, ó sì dùn mí. Wọ́n wà ní fàráńdà wa báyìí, lábẹ́ aṣọ, wọ́n ń dúró de ọyẹ́. Mo máa ń tẹ̀ wọ́n nígbà míràn tí mo bá ń kọjá.

Sunday tó kọjá yìí, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Ìyá mi kọ̀ láti bá mi lọ nínú ọkọ̀. Takisí ló wọ̀ dé Adenta, ó gbé àga ike lọ́wọ́, ó sì jókòó lábẹ́ agboòrùn rẹ̀ ní òpin wáyà náà gan-an, ó sún sẹ́yìn díẹ̀ kúrò létí títì. Omi bo títì látòkèdélẹ̀. Mo lọ yí ọkọ̀ padà lókèèrè. Láti ibẹ̀, ó kéré, ó rí bàìbàì nínú òjò, bí ẹni tó jókòó sétí odò.

Ọgọ́ta. Òpó. Bíréèkì. Mo gbọ́ omi tó ń ya kúrò lábẹ́ mi, ariwo bí aṣọ tí wọ́n ń fà ya, sítíárín sì wúwo lọ́wọ́ mi.

Ó dìde, ó wo ibi tí táyà dúró sí. "Mẹ́tàlélógún àti ìdámẹ́rin," ó ní. "Tún un ṣe. Ó lè jẹ́ èèṣì."

Mo tún un ṣe. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó ká wáyà tó ṣẹ́kù níwájú táyà mọ́ ọwọ́ rẹ̀ wò, ó fi í sílẹ̀, ó rin gba iwájú ọkọ̀, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ṣílẹ̀kùn fún mi. Kí o gbé àga yẹn sẹ́yìn ọkọ̀."

Mo gbé àga náà, mo sì ka téèpù dúdú lára wáyà láti òpó dé ibi tí táyà dúró sí lẹ́ẹ̀kejì, kí n tó wọlé bá a. Ọ̀pá méjìlélógún àbọ̀.