Àáró Tẹniọlá

Tẹniọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Upẹnmẹn la bí i sí. Ọ̀wọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ní ilé-iṣẹ́ epo pupa ńlá kan tó ní ibùdó ní Ìméri àti káàkiri. Òun ló ń tọ́jú gbogbo kọ̀ǹpútà wọn.

Káfíńtà lèmi. Èyí tó yé mi ni màá sọ.

Nínú kọ̀ǹpútà, nǹkan kan wà tó ń darí ìyókù. Bí kò bá sí, kọ̀ǹpútà di àpótí lásán. Èyí tí wọ́n ń lò níbẹ̀, Línọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹnì kan tó dá ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó lò ó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tún ṣe, kó tún un ṣe. Àmọ́ àwọn tó ń tò ó jọ máa ń sọ iye ọdún tí wọn yóò fi máa dí ihò ara rẹ̀. Bí ọdún náà bá pé, wọ́n á kọjú sí tuntun. Ihò tó bá yọ lára àtijọ́ lẹ́yìn ìyẹn, olè lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ọdún tiwọn pé. Tuntun wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹyìn ọ̀pẹ ní àwọn ibùdó kò gbọ́ ti tuntun. Kò sì ṣeé ṣe kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹniọlá ní àtijọ́ kò ní kú mọ́ òun lọ́wọ́ títí wọn ó fi pààrọ̀ wọn tán.

Báwo? Àáró ló bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá.

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn ni, tí wàhálà kan náà bá. Jamaldeen wà nínú wọn, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ igi gẹdú kan l'Ẹlẹ́gbẹ́ka. Wọ́n á mú àtúnṣe tí àwọn tó ń to Línọ́ọ̀sì jọ ṣe sí tuntun, wọ́n á gé e títí yóò fi bá àtijọ́ mu. Gbogbo wọn á pé sọ́dọ̀ ẹnì kan, wọ́n á ṣe tirẹ̀ tán, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí a ṣe ń ṣe é lóko náà nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, oko tirẹ̀ ni igbó máa bò.

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ambrose, ọmọ Ìméri, kò fẹ́ gbọ́ ọ. Mo ń tún ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn ṣe lọ́jọ́ náà.

"Ẹlẹ́gbẹ́ka? Kó o lọ ṣiṣẹ́ fún ta ni? Àwa là ń san owó oṣù ẹ."

"Ọ̀dọ̀ Jamaldeen ló kàn lọ́la, sà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló kàn wá."

"Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ṣe tiwa."

"Bí mi ò bá lọ, wọn ò ní wá."

"Nǹkan tí ò ní baba! Bó bá bàjẹ́, ta la máa mú?"

"Èmi ni kẹ́ ẹ mú, sà."

"Màá mú ẹ dáadáa. Bí nǹkan kan bá dá dúró níbí lọ́la, jókòó sí Ẹlẹ́gbẹ́ka, má padà wá mọ́."

"Ẹ yọ ọ̀la nínú ìsinmi mi, sà." Ó jáde.

Mo ní, "Ọmọ, ṣé o gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo gbọ́, Bàbá kékeré. Ẹ máa kan ilẹ̀kùn yín."

Láàárọ̀, ó wọ mọ́tò Ìfọ́n tó ń gba Ẹlẹ́gbẹ́ka kọjá. Òun ló ròyìn ìyókù fún mi. Bí Jamaldeen ti rí i, ariwo ta.

"Ìyá Línọ́ọ̀sì! Mo rò pé ọ̀gá ẹ ti so ẹ́ mọ́ tábìlì."

"Okùn rẹ̀ ò gùn tó."

Nígbà tí gbogbo wọn pé, wọ́n fi àtúnṣe sí kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Òṣùwọ̀n tó ń wọn ọkọ̀ agbégi lẹ́nu géètì bá dákẹ́ lọ́lọ́. Àwọn ọkọ̀ tò síta.

"Ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà," awakọ̀ kan pariwo, "ṣé orí la máa fi wọn igi yìí ni?"

Wọ́n wá a títí. Àtúnṣe náà ti dí ọ̀nà tí òṣùwọ̀n ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún un gé. Nígbà tó di ọ̀sán, ó wọ̀n.

Irú òṣùwọ̀n yẹn gan-an ló wà ní gbogbo ibùdó ilé-iṣẹ́ epo. Bó bá jẹ́ pé tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, bí ọ̀gá ṣe fẹ́, gbogbo ibùdó ni ì bá dákẹ́ nígbà tí ẹyìn ń ya wọlé. Nígbà tí Tẹniọlá padà dé, ó sọ ọ́ fún ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Kò bú u, kò bẹ̀ ẹ́. L'Ọ̀wọ̀, kò sóhun tó dá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá kò rí ẹ̀sùn tó máa fi mú un.

Ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo wọn pé sí Ọ̀wọ̀. Kò sẹ́ni tó yẹ̀. Bí wọ́n ti ń fi àtúnṣe sí i ni Ambrose ń pe Ìméri ṣáá.

"Ó ń wọ̀n?"

Wọ́n ní ó ń wọ̀n. Òṣùwọ̀n kò dákẹ́ rárá.

Nígbà tí wọ́n parí, Jamaldeen nà gbọọrọ sórí àga. "Ọ̀gá, ẹ gbà mí. Ní Ìméri, ṣé ebi lẹ fi ń pa ẹni tó bá wá san àáró?"

Ambrose wò ó, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ ra iyán àti ẹran ìgbẹ́ wá.

"Nínú àáró wa, ilé-ìwòsàn kan ló kàn," Jamaldeen wí, òkèlè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé ẹ máa jẹ́ kí Tẹniọlá wá?"

"Ó máa wá. A ò sì ní yọ ọ́ nínú ìsinmi rẹ̀."

Tẹniọlá nu ọwọ́.

"Mọ́tò ilé-iṣẹ́ ńkọ́, sà?"