Kì í Ṣe Ayálégbé

Òórùn ọ̀dà gbígbóná ni ó máa ń dá mi padà sí ọdún tí a kọ́kọ́ dé Ajah. Iyanrìn àti igi àgbọn ni ó pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà ju ènìyàn lọ. Katakata ń tú ilẹ̀, ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Lekki wá ń fà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ejò tí ó jẹun yó, àwọn apẹja tí ilé wọn wà létí ọ̀sà sì ń dúró wò ó, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ta ni yóò gba ibẹ̀. Àwa mẹ́ta ni a dé: èmi, Súféyọ̀, àti Tíṣà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé láti ìgbà náà títí di òní ni àwọn kan ti ń gbìyànjú láti ka àwa mẹ́ta sí méjì.

Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni Súféyọ̀ ń ṣe; òun ni ó ń gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kiri nínú igbó níwájú àwọn tí ń la ọ̀nà náà. Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Èmi ń kọ́ wọn ní èdè, kí n tó di ọ̀gá ilé-ìwé. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn ni mo ti pàdé àwọn méjèèjì. Ọ̀rẹ́ láti kékeré ni wọ́n, àwọn tí ó máa ń wọ bàtà ara wọn láìbéèrè. Lọ́dún kan náà ni wọ́n sọ fún mi, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé wọ́n fẹ́ràn mi, èmi náà sì rí i pé mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Ọmọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà ti ka ìwé ìfẹ́ jù. Mo gbààwẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run fi ẹni tí ó jẹ́ tèmi hàn mí. Bí mo bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, mo ń retí pé wọn yóò jà nítorí mi lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ìjà ò wáyé. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n jọ wá, wọ́n mú gúgúrú àti ẹ̀pà dání nínú ìwé wíwé kan ṣoṣo, wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́ láàárín ara àwọn.

Súféyọ̀ ní, “A ò lè pàdánù ara wa, a ò sì fẹ́ pàdánù rẹ. Ṣé dandan ni kó o yan ni?”

Inú bí mi débi pé mo gba gúgúrú náà lọ́wọ́ wọn, mo sì dá nìkan jẹ ẹ́ tán. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbé wá fún mi lọ́jọ́ náà tóbi ju ìjà lọ.

Nígbà tí ó tó àkókò láti wá tọrọ mi, a mọ̀ pé ọkọ kan ṣoṣo ni ilé bàbá mi lè gbà. Súféyọ̀ ni ó dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì, òun ni ó sì dúró bí ọkọ ìyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: ọkọ ìyàwó kì í dá dọ̀bálẹ̀ fún àna. Ó ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ni, gbogbo wọn á sì jọ nà gbalaja. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé wa, èjìká kan èjìká. Àwọn ọ̀rẹ́ yòókù ń rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ tètè dìde lọ jẹun. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá mi ní kí wọ́n dìde, òun ni ó dìde kẹ́yìn, eruku sì wà níwájú orí rẹ̀. Mo rí eruku náà. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ọkọ méjì ni mo fẹ́, àti pé ojú gbogbo ẹbí mi ni a ti ṣe é.

A kọ́ ilé sí ẹ̀bá ọ̀nà Addo nígbà tí ibẹ̀ kò tíì ju ipa ẹsẹ̀ lọ: yàrá mẹ́ta, pálọ̀ kan, ilé ìdáná kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí oníkálukú ń sùn, kí ó kọ́kọ́ lọ bi bàbá àti ìyá tirẹ̀ léèrè. Ohun tí mo lè sọ ni pé n kò bu oúnjẹ fún ọkùnrin kankan rí nínú ilé náà. Àárín tábìlì ni ìkòkò ń wà, oníkálukú á bu tirẹ̀, ẹran tí ó tóbi jù sì ni ti ẹni tí ojú rẹ̀ bá rí màbo jù níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. N kò ní purọ́ pé owú kò sí. Ọdún kan wà tí Tíṣà kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó ní ó ti sú òun kí àwọn àlejò máa bi òun nínú ilé òun pé ìgbà wo ni òun ń lọ sílé. Mo sunkún títí, ẹkún mi kò mú un bọ̀. Súféyọ̀ ni ó lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ní oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun òun mọ́ láìsí ẹni tí yóò máa bá òun jiyàn. Wọ́n jọ padà dé ni, wọ́n gbé fóòmù ibùsùn kan lérí láàárín ara wọn, wọ́n sì ti ń jiyàn láti bọ́sítọ́ọ̀pù.

Ayálégbé ni àwọn ará àdúgbò sọ Tíṣà. Orúkọ náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìgbà tí ayálégbé kò kó lọ bọ̀rọ̀ ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Alága àwọn onílé, tí ó ní ìyàwó mẹ́ta, tí a sì máa ń gbọ́ ariwo wọn láti títì, dá mi dúró lọ́jọ́ kan ní iwájú ilé wa.

Ó ní, “Màdámù, àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan.”

Mo ní, “Àgbò lẹ ń wí, Alága. Ènìyàn ni àwọn tèmi.”

Ọdún púpọ̀ ni kò fi kí mi mọ́. Bàbá Ìjọ wa náà fi mí wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi kan, òun tí ó ní ilé kejì tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Mo jókòó sí ìjókòó iwájú, mo ń wo ojú rẹ̀ títí tí ó fi ṣí Bíbélì sí ibòmíràn. Ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ tó mọ àwọn ọmọ ilé kejì. Èmi lọ síbẹ̀. Mo sì kí ìyàwó náà dáadáa.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n Súféyọ̀ obìnrin. A kò bímọ. Nínú ìpàdé ẹbí kan ni ó ti sọ ọ́ pé, “Ọkùnrin méjì, ọmọ kan ò jáde.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún ẹja, ó sì ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún ọ̀nà márosẹ̀ náà ṣe, tí wọ́n fẹ̀ ẹ́, Súféyọ̀ ti fẹ̀yìn tì. Àárín àwọn ọdún yẹn ni kíndìnrín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Kí ó tó kú, ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ fún un níṣojú èmi àti Tíṣà pé ẹ̀yìn ilé wa ni kí wọ́n sin òun sí, lọ́dọ̀ àwa méjèèjì, kí òun lè máa gbọ́ ariwo ọkọ̀ láti ojú ọ̀nà tí òun wọ̀n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọwọ́ pa á lórí bí ọmọdé, ó ní òun ti gbọ́.

Nígbà tí ó kú, àwọn lébìrà gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, mo jókòó sórí ẹní nínú pálọ̀, nínú aṣọ dúdú, bí opó ti ń jókòó, àwọn obìnrin ẹbí sì yí mi ká. A ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé òkú dé láti mọ́ṣúárì. Ni Tíṣà bá ti yàrá rẹ̀ jáde. Ó ti fá orí rẹ̀ kodoro. Bùbá àti ṣòkòtò dúdú ni ó wọ̀. Ó wá jókòó tì mí lórí ẹní opó. N kò rí ọkùnrin tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì tíì rí i láti ìgbà náà. Àwọn tí ń sunkún yíjú sí i.

Ọkọ̀ òkú dúró sí ẹnu géètì, a ń gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Ẹ̀gbọ́n Súféyọ̀ wọlé, ó wò wá láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ìyàwó, ta nìyí?”

“Ẹ mọ̀ ọ́n, Àǹtí.”

“Ayálégbé àbúrò mi ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ṣé ayálégbé ló wá ń ṣopó báyìí?”

Ó ní kí n sọ ọ́ lójú ẹbí pé ayálégbé ni, kí Tíṣà kúrò lórí ẹní, wọn yóò sì gbé àbúrò òun wọlé lójú ẹsẹ̀. Bí n kò bá sọ ọ́, Ìjẹ̀bú, ìlú bàbá wọn, ni wọ́n ń gbé e lọ, n kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Tíṣà tẹ̀ sí etí mi.

“Sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Jẹ́ kó wọlé.”

Mo fẹ́ kí ó wọlé. Ọlọ́run nìkan ni ó mọ bí mo ti fẹ́ ẹ tó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo wo orí Tíṣà tí ó fá, mo sì rí eruku ilé bàbá mi níwájú rẹ̀.

“Àǹtí, ọkùnrin méjì ló dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Àbúrò yín mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú. Mi ò ní torí àtisin ọ̀kan kí n sẹ́ ìkejì.”

Ó so gèlè rẹ̀ le. “Ó dáa. Kí ìwọ àti ayálégbé rẹ máa ṣọ́ kòtò.”

A gbọ́ tí ọkọ̀ náà yí padà, tí ó gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́, lórí ilẹ̀ tí Súféyọ̀ fúnra rẹ̀ wọ̀n. Àwọn obìnrin ẹbí dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa méjèèjì kò dìde. A ṣe opó náà títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé.

Alága ránṣẹ́ sí wa pé a kì í fi sàréè sílẹ̀ lófìfo, kí ó má baà pe ẹlòmíràn. Pé kí a wá ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sin síbẹ̀. Tíṣà ní òun kò ní máa sunkún lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó lọ bá àwọn apẹja, ó gba àgbọn tí ó ti hù wá, a kó erùpẹ̀ kún kòtò náà, a sì gbìn ín.

Igi náà ti ga ju òrùlé lọ báyìí. Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n Súféyọ̀, tí kò lè jáde nílé mọ́, rán ọmọ rẹ̀ obìnrin sí mi. Ó ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́, kí n wá kí òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo fún ọmọ náà ní omi mu, mo sì gbé odindi àgbọn kan lé e lọ́wọ́. Mo ní kí ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ni ó ti wá.

Ó ní, “Ṣé kí n sọ pé ẹ ti dárí jì wọ́n, mà?”

Mo ní, “Àgbọn ni mo fi rán ọ.”

Ilé alájà ti yí wa ká, ariwo ọkọ̀ kì í sì í dákẹ́ lójú títì, bí Súféyọ̀ ti fẹ́ gẹ́lẹ́. Àwọn tí wọ́n fi wá ṣe ẹlẹ́yà, ọ̀pọ̀ wọn ti tú ká nínú ilé tí wọ́n ní ó bá òfin mu. Èmi àti Tíṣà ṣì jọ ń jókòó sí fàráńdà. Bí àgbọn bá já, òun ni ó ń fọ́ ọ, ó sì máa ń pín in sọ́nà mẹ́ta. Kí oòrùn tó wọ̀ ni a máa ń jẹ ìpín kẹta náà. Súféyọ̀ kò fẹ́ kí nǹkan ṣòfò rí.