Páálí Tí Mo Fi Bo Fíìmù

Ní ìpàdé tọkọtaya ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fìdítì, bí wọ́n bá ń wo fíìmù ìfẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Bí ọkùnrin àti obìnrin inú fíìmù bá ti fẹ́ dì mọ́ra, yóò fi páálí bo ojú ẹ̀rọ náà títí wọ́n á fi túra ká. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ lọ́sàn-án Sátidé tí mò ń sọ yìí, torí pé tíṣà ni mí, wọ́n sì ní ojú mi le.

Irọ́ kọ́. Ojú mi le débi pé oṣù méjì ni èmi àti ìyàwó mi fi wà nínú ilé kan náà láìsọ ju ìkíni àárọ̀ lọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Ọ̀yọ́, mọ́tò kan péré sí ọ̀dọ̀ wa, mi ò sì lọ, nítorí pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ṣèdánwò. Nígbà tó délé, ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní ọjọ́ méjì péré ni, kí ló wá tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Ó ti di ẹrù rẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Awẹ́, kò sì sọ ọjọ́ tó máa padà. Mo mọ̀ pé bí mo bá tọrọ àforíjì, ó ṣeé ṣe kó má lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ò jáde lẹ́nu mi.

Ó wá wo fíìmù náà. Ó jókòó sí ìlà kẹta, ó gbé báàgì rẹ̀ sórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kí n má bàa jókòó tì í ló ṣe gbé e síbẹ̀.

Wọ́n fa kọ́tìnì, gbọ̀ngàn ṣú, ooru mú. Mo ti wo fíìmù náà nílé, mo sì ti kọ ìṣẹ́jú tí wọ́n máa dì mọ́ra sínú ìwé. Ṣùgbọ́n orí fóònù ni mo ti wò ó, mi ò mọ̀ pé ó lẹ́wà tó báyìí. Lára ògiri wa tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, oko kajú kan nà lọ rẹrẹ, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń yọ́ gba àárín ewé wọlé, eruku ọyẹ́ sì pọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Obìnrin kan tó ró ìró aláwọ̀ ìyeyè ń rìn bọ̀. Ojú ò kán ẹni tó ya fíìmù náà rárá. Ó jẹ́ ká wo ojú obìnrin náà pẹ́, títí a fi mọ̀ pé ó ti sunkún kó tó jáde nílé. Ọkọ rẹ̀ tó já a kulẹ̀ ló dúró dè é.

Díákónì àgbà bojú wẹ̀yìn wò mí láti ìlà iwájú. Mi ò tún rántí wo ìwé mọ́. Bí ọkùnrin náà ṣe na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ báyìí, mo gbé páálí bo ẹ̀rọ. Mo ti yá jù. Ògiri ṣókùnkùn, ohùn ọkùnrin náà nìkan ló kù nínú gbọ̀ngàn: "Ó yẹ kí n ti wá. Mi ò ní àwáwí kankan."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fa imú, láti ìlà kẹta ni. Inú ara mi bí mi gidigidi. Ọkùnrin inú fíìmù sọ ohun tí èmi ò lè sọ fóṣù méjì, èmi náà ni mo tún ń bò ó mọ́lẹ̀ kí ìyàwó mi má bàa rí i. Mo sọ páálí náà sílẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ padà sórí ògiri. Ọkùnrin náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbé ojú rẹ̀ sókè, ó wò ó títí, wọ́n sì dì mọ́ra nínú eruku pupa náà. Díákónì àgbà dìde, ó ní kí n gbé páálí kíá. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú, mo sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀, mo gba àárín àwọn èèyàn kọjá. Gbogbo ojú wà lára mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi.

"Ó yẹ kí n ti wá," ni mo wí. "Ọjọ́ méjì gbáko, ìwọ nìkan. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Kò wò mí. Ògiri ló ń wò.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni," ó wí.

Mo kà á lọ́kàn. Òótọ́ ni. Oṣù méjì ni mo fi ń jà lórí ọjọ́ méjì, mi ò tilẹ̀ mọ iye ọjọ́ tó fi dá wà níbẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta," mo tún un sọ.

Ìgbà yẹn ló gbé báàgì náà kúrò lórí àga, ó gbé e lé itan.