"Gbàù" iwájú jíìpù mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, àtẹ́lẹwọ́ lásán ni wọ́n fi mọ ohun tó ń ṣe jíìpù mi lónìí.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó jẹ́ pé bí mo bá ti yí sítíárìn báyìí, iwájú á dún "gbàù!" Mẹkáníìkì mi ní Romi pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, kò dákẹ́. Mo bú u dáadáa.

Lónìí mo gbé e lọ bá Màlámù kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Narayi. Kò tiẹ̀ mú sípánà. Ó ní kí ìyàwó mi jókòó sídìí sítíárìn, kó máa yí i sọ́tùn-ún sósì, kí táyà wà nílẹ̀. Òun wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń fọwọ́ kan irin kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gá, zo ka taɓa," ó ní kí n wá fọwọ́ kàn án.

Èmi náà wọ abẹ́ ọkọ̀, mo fọwọ́ kàn án. Irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ara ọkọ̀ ń fò! Sítíárìn ló ń tì í, nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì ti dẹ̀.

Màlámù béèrè ẹni tó dè é. Mo ti fẹ́ dárúkọ mẹkáníìkì Romi nígbà tí ìyàwó mi yọrí síta: "Bàbá Tọ́lá, ṣebí ẹ̀yin lẹ wo fídíò tí ẹ fi pààrọ̀ rọ́bà ibẹ̀?"

Èmi mà ni o. Orí jáàkì ni mo ti dè é, mi ò tún un dè nígbà tí táyà kanlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí táyà ló yẹ kí wọ́n dè é pa.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ń bẹ mẹkáníìkì tí kò ṣẹ̀ yín?